Níbi Tí Fídíò Dúró Sí: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Lu Dùndún Kọjá Ìpele Ìbẹ̀rẹ̀

Ẹni tí ó bá wá bí a ṣe ń lu gángan, ọ̀kan nínú àwọn ìlù dùndún, lórí YouTube lónìí yóò rí fídíò púpọ̀, láti ọwọ́ àwọn ọmọ Àyàn (ìdílé onílù) gan-an àti láti ọwọ́ àwọn tí wọ́n kọ́ ọ nígbà tí wọ́n ti dàgbà. Láàárín oṣù mélòó kan, àwọn fídíò wọ̀nyí lè mú un dé ibi tí yóò ti mọ bí a ṣe ń gbé ìlù kọ́ èjìká, bí a ṣe ń di kọ̀ǹgọ́ (ọ̀pá tí a fi ń lu ìlù) mú, bí a ṣe ń mú ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè jáde, àti bí a ṣe ń fi ìlù kí ènìyàn káàbọ̀. Nǹkan ńlá nìyẹn, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a bí sí London, sí Houston tàbí sí Abuja kò ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi lè fọwọ́ kan ìlù bàbá wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀kọ́ náà máa ń dúró gbagidi. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa wo fídíò tuntun, á máa kó gbólóhùn kún gbólóhùn, síbẹ̀ tí a bá mú un dé ibi ìsọmọlórúkọ, tí ẹlẹ́kẹríkẹrì bẹ̀rẹ̀, tí onígúdúgúdú wọlé (àwọn onílù yòókù nínú ẹgbẹ́ dùndún), kò ní mọ ibi tí òun yóò ti bá wọn gbà.

Ohun tí ó fa èyí ni pé fídíò kì í gbọ́ ìlù yín. Ó lè sọ̀rọ̀ fún yín tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ yín ti gòkè jù, kò lè dá yín lóhùn, kò sì lè yí ẹsẹ̀ ijó padà kí ẹ fi ìlù tẹ̀lé e. Ìpele ìbẹ̀rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò irú ìgbọ́ra-ẹni-yé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó kù nínú dùndún lẹ́yìn ìpele yẹn, ìdáhùn ni. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó ti dé ibi tí fídíò lè gbé e dé, tí ó sì fẹ́ tẹ̀síwájú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ dán ara yín wò

Kí ẹ tó wá olùkọ́, kí ẹ tó náwó sí ohunkóhun, ẹ mọ ibi tí ẹ dé ní ti gidi, nítorí pé iye fídíò tí ènìyàn ti wò kò sọ ohunkóhun nípa ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Ẹ pe ẹnì kan tí ó ń sọ Yorùbá dáadáa, kí ó kọ ẹ̀yìn sí yín. Ẹ kọ́kọ́ lu dò (ohùn ìsàlẹ̀), re (ohùn àárín), mí (ohùn òkè) fún un, kí etí rẹ̀ lè mọ ibi tí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí ìlù yín. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un pé ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ẹ ó máa lù: igba, igbá, ìgbà àti ìgbá. Re re ni àkọ́kọ́, re mí ni ìkejì, dò dò ni ìkẹta, dò mí sì ni ìkẹrin. Ẹ máa dà wọ́n rú, kí ó máa pe èyí tí ó gbọ́. Bí ó bá ń pe ìgbà ní igba, a jẹ́ pé ọwọ́ yín kì í padà sí ojú kan náà tí ẹ bá tú ọṣán (okùn awọ tí a ń fún láti yí ohùn ìlù padà) sílẹ̀, ìyẹn ni pé ohùn ìsàlẹ̀ yín ń rìn káàkiri láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Kò sí fídíò tí ó lè sọ èyí fún yín.

Ìdánwò kejì: ẹ mú ìró ìlù kúkúrú kan tí ẹ mọ̀, kí ẹ máa lù ú láìdáwọ́dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹlòmíràn máa pàtẹ́wọ́ ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀ sí tiyín. Bí ìlù yín bá ń sá, tàbí tí ó ń tọ àtẹ́wọ́ rẹ̀ lọ, ẹ kò tíì lè jókòó láàárín àwọn onílù. Ìdánwò kẹta sì ni kí ẹ lu gbólóhùn kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ yín rí, bí orúkọ ẹni tí ó wà níwájú yín àti ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá kùnà ìdánwò kẹta nìkan ti sún mọ́ ibi tí ó ń lọ ju bí ó ti rò lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ohun tí kámẹ́rà kò fi hàn

Kámẹ́rà máa ń kọjú sí kọ̀ǹgọ́, nítorí ibẹ̀ ni ojú ti ń rí ìgbòkègbodò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kejì ni ó ń sọ̀rọ̀. Tí ó bá jẹ́ gángan, abẹ́ apá ni ìlù wà, apá sì ni ó ń fún ọṣán pọ̀, nígbà mìíràn lábẹ́ agbádá tí kò jẹ́ kí a rí nǹkan kan. Tí ó bá jẹ́ ìyáàlù, ìlù tí ó ń ṣáájú àwọn yòókù, ìlù náà máa ń rọ̀ láti èjìká dé ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, ọwọ́ tí kò di kọ̀ǹgọ́ mú sì ni ó ń fa ọṣán tí ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara. Bí ó ti le tó, ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í le, ìgbà tí ó tú u sílẹ̀, gbogbo èyí ni fídíò fi pa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú «ẹ káàbọ̀» wò fínnífínní. Ohùn rẹ̀ ni re, mí, dò, dò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́ ọ láti orí fóònù sábà máa ń lù ú ní ẹ̀ẹ̀mẹrin: kọ̀ǹgọ́ kan fún ìró ohùn kọ̀ọ̀kan. Ó tọ́ lójú ìwé, ṣùgbọ́n ẹnu kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ẹnu, «káà» jẹ́ ohùn kan tí ó bọ́ láti òkè sí ìsàlẹ̀ láìjá. Nítorí náà, ẹ fún ọṣán, ẹ fi kọ̀ǹgọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan, kí awọ ṣì máa dún lọ́wọ́, kí ẹ wá tú ọṣán kí ohùn fi rọra ṣubú, kí ẹ tó lu «bọ̀» ní ìsàlẹ̀. Ìgbà tí ẹ tú u ni gbogbo iṣẹ́ wà. Tí ẹ bá tú u yára jù, ohùn òkè kò ní hàn. Tí ẹ bá pẹ́ jù, awọ á ti dákẹ́, ẹni tí ń gbọ́ á sì rò pé ohùn òkè nìkan ni ẹ lù. Òdìkejì rẹ̀ ni «yìí», tí ó ń ti ìsàlẹ̀ gòkè: ẹ lu awọ nígbà tí ó dẹ̀, kí ẹ tó fún un. «Dáadáa» sì ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, láti òkè sí àárín, kò gbọdọ̀ dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá lè lu àwọn mẹ́ta wọ̀nyí kí Yorùbá tí kò mọ ohun tí ń bọ̀ sì dá wọn mọ̀ ti ní ọwọ́ tí a lè kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ síwájú.

Fóònù náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Gbohùngbohùn kékeré inú fóònù kì í gbé ohùn tí ó wúwo jáde dáadáa, nítorí náà ohùn ìsàlẹ̀ ìyáàlù máa ń di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní ara. Ẹ lo earpiece tí ó dára tàbí gbohùngbohùn ńlá ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń fetí sí ìlù. Bákan náà, nígbà tí fóònù bá ń gba ohùn sílẹ̀, ó máa ń tẹ ohùn tí ó le mọ́lẹ̀, ó sì máa ń gbé èyí tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ sókè, débi pé ẹ kò ní mọ ibi tí ọ̀gá rọra lù àti ibi tí ó fi agbára sí. YouTube lè dín eré fídíò kù dé ìdajì, ó sì wúlò láti fi ka iye ìgbà tí kọ̀ǹgọ́ bọ́ sórí awọ, àmọ́ ẹ má ṣe kọ́ bí ohùn ṣe ń yọ́ láti ibẹ̀, nítorí pé ìyọ́ tí a fà gùn kì í ṣe ìyọ́ tí ọwọ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ kò gba àlàyé púpọ̀: òjò máa ń mú kí awọ dẹ̀, ọyẹ́ máa ń mú un gan, ìlù tí ó dún re ní oṣù Kejìlá lè má sọ ọ̀rọ̀ kankan ní oṣù Keje. Ẹ bi onílù tí ó ń gbé irú ìlú tí ẹ ń gbé bí ó ṣe ń tọ́jú tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ jẹ́ kí ẹnu ṣáájú ọwọ́

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró pẹ́ jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù. Dùndún kò ní fáwẹ́lì, kò ní kọ́ńsónáǹtì. Ohùn àti ìgbà nìkan ni ó ní. Ilé, owó, iṣẹ́ àti ọkọ́, re mí ni gbogbo wọn, ìlù kò sì lè fi ìyàtọ̀ sí wọn tí ẹ bá lù wọ́n ní dídá. Ìdí nìyẹn tí onílù kì í fi sọ̀rọ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀. Òwe, oríkì, orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀, àti gbólóhùn gígùn tí etí ti gbọ́ rí ni ó máa ń lò, kí olùgbọ́ lè fi ohun tí ó ti wà lórí rẹ̀ kún ohun tí ìlù sọ.

Ọ̀pọ̀ àgbà ṣì rántí ìlù tí ilé-iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀ ṣáájú òmìnira 1960 àti lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní ìlù ń pè, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí aráàlú fi fún un ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Àwọn kan ní ó ń sọ pé «Bólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?», àwọn mìíràn ní «Kò sónígbèsè níbí, lọ sílé kejì» ni. Ẹ pe «Bólúbàdàn bá kú», kí ẹ sì pe «sónígbèsè níbí»: mí mí dò dò mí mí ni àwọn méjèèjì. Ohùn kan náà ni, ohun tí olùgbọ́ gbé wá láti ilé rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Fídíò lè kọ́ yín ní ohùn mẹ́fà yẹn ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí kò lè kọ́ yín ni bí a ṣe ń mọ èyí tí àwọn tí ó jókòó níwájú yín yóò gbọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ òwe, ìkíni àti oríkì tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu àgbà sínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti oríkì orílẹ̀ tiyín. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìyẹ̀rú Ọ̀kín; bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Ìkòyí, ti Ẹ̀ṣọ́ ni kí ẹ bá lọ. Ẹ bẹ àgbà ilé yín kí wọ́n kì í, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀, nítorí pé ibi tí wọ́n ti mí, ibi tí wọ́n ti sáré àti ibi tí wọ́n ti fà á ni ìlù yín yóò tẹ̀lé. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà sókè títí tí yóò fi yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu. Ẹ fi dò re mí pè é. Ẹ fi ọwọ́ lù ú lórí itan. Ẹ wá gbé ìlù.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ni a ń lù ú, a kì í lù ú bí a ṣe ń kọ ọ́. «Ẹ kú iṣẹ́» ni a kọ, ṣùgbọ́n «ẹ kúuṣẹ́» ni ẹnu wí. «Ta ni ó» sábà máa ń di «ta ló». Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ fídíò tí ó sì ń lu gbogbo sílébù tí ó rí níbẹ̀ yóò máa sọ Yorùbá tí ẹnikẹ́ni kì í sọ. Ẹni tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò tíì dán mọ́rán, kí ó fi àkókò tí ó fẹ́ fi wo fídíò tuntun bá àwọn òbí rẹ̀ tàbí ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn yìí kì í dùn létí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń yún un láti lùlù, àmọ́ kò sí ọ̀nà àbùjá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wá etí tí yóò gbọ́ yín

Olùkọ́ ni mo ń sọ. Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, Òṣogbo, Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ̀yìn ní agbo ilé Àyàn tí a ti ń bí onílù sí láti ìran dé ìran. Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni Làmídì Àyánkúnlé ti wá, ẹni tí ó lu bàtá àti dùndún dé òkè òkun. Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní àwọn ìlú wọ̀nyí lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kí ó béèrè onílù tí ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́. Ní òkè òkun, ẹ lọ sí ibi ìgbéyàwó, ìwúyè tàbí ìsìn ìdúpẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá, kí ẹ dúró títí àwọn onílù yóò fi sinmi, kí ẹ tó lọ kí wọn.

Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ẹ má ṣe sọ fún bàbá onílù pé ẹ ti mọ̀ ọ́n lù. Ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ ní: «Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo ti ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ láti orí fóònù, ṣùgbọ́n mi ò rẹ́ni tí yóò gbọ́ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n lù fún yín, kí ẹ sọ ibi tó kù sí.» Ẹ wá lu gbólóhùn kan péré, kí ẹ dákẹ́. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ ni kí ẹ kọ sílẹ̀, torí pé ó sábà máa ń jẹ́ ohun tí ó ti ń dí yín lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi owó iṣẹ́ wọn lọ̀ wọ́n kí wọ́n tó béèrè, kí ẹ sì dá ọjọ́ àti àkókò kan pàtó, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí kò ní ọjọ́ kì í pẹ́ yọ́.

Bí olùkọ́ bá wà lọ́nà jíjìn, ìpè fídíò lè ràn yín lọ́wọ́ bí ẹ bá mọ àbùkù rẹ̀. Nígbà tí ohùn bá pẹ́ ju nǹkan bí ìdá 30 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kí ó tó dé, ó máa ń ṣòro fún ènìyàn méjì láti jọ lùlù ní ìṣọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbìyànjú láti jọ lù ú pọ̀. Kí ọ̀kan lù, kí èkejì dáhùn. Zoom tún máa ń ka ìlù sí ariwo, á sì máa pa á lẹ́nu, àfi tí ẹ bá tan Original Sound for Musicians nínú ètò ohùn rẹ̀. Èmi gbà pé ọ̀nà tí ó dára jù ni kí ẹ gba ìlù yín sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ lórí WhatsApp, kí òun sì fi ohùn rẹ̀ dá yín lóhùn. Ẹ gba gbogbo ara yín sílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n lè rí ọwọ́ tí ń fa ọṣán.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ jókòó sídìí ìlù kékeré

Fídíò fẹ́ràn ìyáàlù, nítorí òun ni ó ń sọ̀rọ̀ jù, òun sì ni ojú ń wá. Nínú ilé Àyàn, ọmọ kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Gúdúgúdú tàbí omele (ìlù kékeré) mìíràn ni wọ́n máa ń fún un, kí ó kọ́ láti di ìlù kan mú láìyẹ̀ nígbà tí ìyáàlù ń ṣe tirẹ̀ lókè. Gúdúgúdú kò ní ọṣán tí a ń fún. Ojú kan ṣoṣo ni ó ní, a máa ń gbé e kọ́ ọrùn, awọ líle méjì ni a sì fi ń lù ú. Ó dà bí ohun tí ó rọrùn títí tí ẹ ó fi gbìyànjú láti lù ú fún wákàtí kan láìsá, láìfà sẹ́yìn. Ní Kúbà, níbi tí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú gbé ìlù bàtá dé, bákan náà ni ètò rí: okónkolo tí ó kéré jù ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ lù, lẹ́yìn náà itótele, kí ó tó kan iyá.

Ẹ béèrè fún àyè omele nínú ẹgbẹ́ kan, bó jẹ́ ẹgbẹ́ ìlù ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti àdúgbò, kí ẹ sì gbà láti wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa gbọ́ ìgbà tí ìyáàlù pe gbogbo wọn láti yí ìlù padà, bí ó ṣe ń dákẹ́ kí akọrin tó wọlé, àti bí ó ṣe ń wo ẹsẹ̀ oníjó kí ó tó mọ ibi tí yóò gbé ọ̀rọ̀ sí. Tí oníjó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìlù á sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ ọ́. Tí ó bá ju ẹsẹ̀, kọ̀ǹgọ́ á bá a balẹ̀. Ẹ má ṣe gbé fóònù sókè láti ya á. Ẹ wò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ padà sórí fídíò, ṣùgbọ́n ẹ yí ohun tí ẹ ń wò padà

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ nínú ẹgbẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì á tún wúlò fún yín gan-an. Ẹ fi fídíò ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá èyí tí a yà níbi àríyá tàbí níbi ọdún ìbílẹ̀ láìgé e kúrú, tí ó gùn tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn eré ojú agbo King Sunny Adé náà dára, níbi tí gángan ti ju ẹyọ kan lọ, tí wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn tí gìtá sì ń dá wọn lóhùn. Ẹ yan ìlù kan ṣoṣo nínú wọn lọ́jọ́ kan, kí ẹ tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́jọ́ kejì, ẹ yan òmíràn nínú fídíò kan náà.

Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ mọ̀ pé ìlù sọ nǹkan tí ẹ kò gbọ́, tí àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín tàbí tí ẹnì kan dìde tí ó ń ná owó, ẹ dá a dúró. Ẹ gé ìwọ̀nba ibẹ̀ yẹn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ yín pẹ̀lú ìbéèrè méjì: kí ni wọ́n sọ níbí, ta sì ni wọ́n sọ ọ́ fún? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé kékeré yẹn, ẹ sọ ọ́ sókè, kí ẹ tó gbé ìlù.